Kí Dálẹ́tì má baà di Réṣì: àyẹ̀wò ohun ìgé bísíkíìtì onílẹ́tà Hébérù

Bí ẹ bá fẹ́ ra ohun ìgé bísíkíìtì onílẹ́tà Hébérù fún kíláàsì tàbí fún ilé, ẹ má kọ́kọ́ wo iye owó rẹ̀. Lẹ́tà Héè, ה, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá jáde nínú àpótí. Ẹsẹ̀ méjì ni Héè ní: ti ọwọ́ ọ̀tún so mọ́ òrùlé, ti ọwọ́ òsì dá dúró lábẹ́ òrùlé láì kàn án. Ohun ìgé kan ṣoṣo kò lè gé nǹkan tí kò so pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kàn máa ń so ẹsẹ̀ òsì yẹn mọ́ òrùlé ni. Bí wọ́n bá ti so ó, Héè ti lọ nìyẹn. Hẹ́tì, ח, ló kù. Owó lẹ́tà 22 lẹ san, lẹ́tà 21 lẹ gbé délé, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ méjì.

Ẹni tí kò ka Hébérù lè ní kí ni ti ẹsẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ tó kẹ́yìn nínú Sáàmù 150, tó ní kí ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí yin Olúwa. Héè wà nínú ọ̀rọ̀ tó dúró fún “yìn” níbẹ̀. Bí ẹ bá so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òrùlé, “yìn” á di “bà jẹ́”, bí ẹni ń sọ ohun mímọ́ di aláìmọ́. Dálẹ́tì, ד, àti Réṣì, ר, náà nìyẹn. Igun Dálẹ́tì yọ ṣonṣo sẹ́yìn, ti Réṣì rí ròbótó. Nínú “Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni”, Dálẹ́tì ló parí ọ̀rọ̀ tó dúró fún “kan”, bí igun rẹ̀ bá rí ròbótó, “òmíràn” lẹ kà. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé Tórà, ìwé Òfin àwọn Júù, fi máa ń kọ Dálẹ́tì yẹn gàdàgbà ju àwọn tó yí i ká lọ, ní Deutarónómì 6:4. Àwọn rábì àtijọ́ tó ṣàlàyé ìwé Léfítíkù kó irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí jọ, wọ́n ní ẹni tó bá yí lẹ́tà báyìí padà ba ayé jẹ́. Iná ààrò kò sì mọ̀yàtọ̀. Báákìn páúdà tó pọ̀ jù á mú kí igun Dálẹ́tì wú títí á fi di Réṣì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Kí ló wá dé tí a ò kúkú fi káàdì kọ́ ọmọ? Nítorí pé oyin àti lẹ́tà ti jọ ń rìn tipẹ́. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Jámánì àti àríwá ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ àjọ̀dún Ṣàfúótì ni àwọn Júù máa ń mú ọmọkùnrin kékeré lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á gbé e lọ, olùkọ́ á gbé e ka itan. Wọ́n ti kọ álífábẹ́ẹ̀tì sára wàláà, láti Álẹ́fù dé Táfù, lẹ́yìn náà láti Táfù padà sí Álẹ́fù. Olùkọ́ á ka, ọmọ á tẹ̀ lé e. Wọ́n á wá fi oyin pa wàláà náà, ọmọ á sì fi ahọ́n lá a. Àkàrà tí wọ́n fi oyin pò, tí wọ́n kọ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ sí lára, tẹ̀ lé e, àti ẹyin sísè tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, irú bíi Ìsíkíẹ́lì 3:3, níbi tí wòlíì ti jẹ ìwé tó sì dùn bí oyin lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó mọ hàntú, tí àfáà ń fọ̀ kúrò lára wàláà kí ọmọ mu ún, kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ ètò yìí sílẹ̀ ni Rábì Eleazar ti ìlú Worms ní Jámánì. Ní 1096, nígbà Ogun Àgbélébùú àkọ́kọ́, wọ́n pa àwọn Júù ìlú Worms àti Mainz ní ìpakúpa. Ní 1196, àwọn apànìyàn wọ ilé Eleazar fúnra rẹ̀, wọ́n pa Dulcia ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì, Bellette àti Hannah. Inú ìwé ọkùnrin yìí la ti ń ka bí wọ́n ṣe ń fi oyin pa wàláà fún ọmọ kékeré. Àwọn olùkọ́ òde òní tó ń bèèrè bóyá ó bójú mu láti múnú ọmọ dùn nínú kíláàsì nígbà tí ọlọ́pàá dúró lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù, àwọn ará Worms ti dáhùn wọn. Irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣejù: ní Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, ní 2012, agbébọn kan pa ọmọ mẹ́ta àti olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ààbò sì tún le sí i ní ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́yìn October 7, 2023, ọjọ́ tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì. Tálímọ́ọ̀dù, ìwé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́ jọ sí, sọ pé olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Rabbah a máa kọ́kọ́ pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni á wá jókòó pẹ̀lú ìbẹ̀rù láti kọ́ wọn. Ẹ̀rín ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sínú àpótí.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni oníke, lẹ́tà 22, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù lọ, òun náà ló ń dáni lágara jù. Etí rẹ̀ nípọn, ṣe ló ń ti ìyẹ̀fun tí a ti pò dípò kí ó gé e. Inú Álẹ́fù, Áyìn àti Ṣínì há débi pé ìyẹ̀fun á há síbẹ̀, ẹ ó sì máa fi igi ìtayín yọ ọ́ bí ẹni ń yọ ẹran láàárín eyín. Yódì rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ó ti jóná kí Mémù tó mọ̀ pé iná wà. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná gan-an fọ ọ́, á wọ́. Èyí tó burú jù ni pé kò ní lẹ́tà ìparí márùn-ún, ìyẹn ìrísí tí lẹ́tà márùn-ún kan máa ń ní bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀: ך, ם, ן, ף, ץ. Orúkọ ni gbogbo ọmọ máa ń fẹ́ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Miriam, Avraham, Binyamin, Natan, Yosef: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ lè kọ parí láìsí lẹ́tà ìparí. “Ṣálọ́ọ̀mù” pàápàá kò ṣeé kọ.

Ìkejì ni onírin, lẹ́tà 27, tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Èyí ni ká rà. Etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń gé bí ọ̀bẹ, àyè inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti fi ìka ti ìyẹ̀fun jáde. Ẹ rí i pé irin tí kì í dípẹtà ni. Èyí tí wọ́n fi páànù ṣe á yọ ìpẹtà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, àyàfi tí ẹ bá gbẹ ẹ́ nínú ààrò tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọra. Ọmọ lè gbé e kanlẹ̀ lódì, kí Bẹ́tì máa wo ibi tí kò yẹ kó wò. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni oògùn rẹ̀: ẹ kán an sí etí òkè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé pupa ló ń wo òrùlé. Bí wọ́n bá sì ti gé e lódì, ẹ má pariwo. Ẹ yí lẹ́tà náà dojú délẹ̀ kó tó wọ ààrò, ó ti tọ́ nìyẹn, nítorí ìyẹ̀fun kò ní ẹ̀yìn.

Ìkẹta ni rọ́bà sílíkóònì tí wọ́n ń da ṣokoléètì tàbí jẹ́lì sí. Nǹkan kan ṣoṣo la ní láti sọ nípa rẹ̀: bí ẹ bá wo inú rẹ̀ tí lẹ́tà náà tọ́ lójú yín, ẹ dá a padà. Lẹ́tà tó tọ́ nínú kòtò á jáde lódì. Èyí tó dára á rí bí ẹni wà nínú dígí, kó tó lè jáde tààrà.

Fún Héè, àwọn onírin kan máa ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣe ìgé kékeré lọ́tọ̀. Ó bójú mu, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Bí tiyín bá jẹ́ alásopọ̀, ẹ gé lẹ́tà náà, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tín-ín-rín yọ mìlímítà márùn-ún kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì. Tó bá kéré sí mẹ́rin, ìyẹ̀fun á wú, á padà lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀nà tó wù wá jù ni pé kí ẹ má gé Héè jáde rárá. Ẹ gé ìyẹ̀fun onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà, ẹ tẹ ohun ìgé sí i díẹ̀, bíi mìlímítà méjì, kí ojú àpá rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ya àlàfo náà sí i. Ẹsẹ̀ tó dá dúró á dúró lórí nǹkan. Kófù, ק, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà dá dúró, ẹ ṣe é bákan náà.

Ìyẹ̀fun wá ńkọ́? Fún bíi 40 lẹ́tà onísẹ̀ǹtímítà márùn-ún: fúláwà gíráàmù 350, bọ́tà líle tí kò ní wàrà nínú gíráàmù 120, ṣúgà gíráàmù 100, oyin gíráàmù 80 (síbí ìjẹun mẹ́rin), ẹyin ńlá kan, ìdajì síbí ìpotíì iyọ̀, àti ìwọ̀n kan náà sínámọ́nì tàbí atalẹ̀ lílọ̀. Kò sí báákìn páúdà, kò sí sódà. A ti sọ ìdí rẹ̀. Ẹ po bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà àti oyin, ẹ fọ́ ẹyin sínú ife kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ (bó bá wà, ilé kóṣà, ìyẹn ilé tó ń pa òfin oúnjẹ Júù mọ́, á da á nù), ẹ fi sí i, kí fúláwà wá kẹ́yìn. Ẹ dúró ní kété tó bá ti di odindi. Bí ẹ bá ń po ó lọ, á máa fà bí rọ́bà, lẹ́tà á sì sún kì nínú ààrò.

Ẹ wé e, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Àárín bébà méjì ni kí ẹ ti yí i pẹlẹbẹ, kó nípọn tó mìlímítà márùn-ún. Bí ẹ bá ń wọ́n fúláwà sí i kó má baà lẹ̀, á gbẹ, ọrùn Lámẹ́dì á sì máa kán. Ní ilé ìdáná tó gbóná, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ ní kó tó rọ̀. Ẹ máa ri ohun ìgé bọ fúláwà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ẹ gbé tíréè náà sínú fírísà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó wọ ààrò. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń pa igun Dálẹ́tì mọ́.

Ààrò 175°C. Oyin yára pọ́n ju ṣúgà lọ. Bó bá kọjá 180, etí á ti dúdú kí àárín tó gbẹ. Ẹ má da lẹ́tà pọ̀ sórí tíréè kan: Yódì, Fáfù, Sáyìn àti Núnù ìparí lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú méje, àwọn ńlá bíi Álẹ́fù, Mémù, Ṣínì, Tẹ́tì lọ́tọ̀, mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kó wọn, nítorí wọ́n ṣì rọ̀. Oyin a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà agolo tó dé pinpin ni kí ẹ kó wọn sí bí wọ́n bá ti tutù, kí ẹ má bàa bá wọn ní rírọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun ìgé kò lè gé àmì fáwẹ̀lì, ìyẹn àwọn àmì ròbótó kéékèèké tí wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Irúgbìn yànmọ̀tí ló ń ṣiṣẹ́ yẹn: hóró kan fún àmì “i”, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún “ee”, mẹ́ta onígun mẹ́ta fún “e”. Èso àjàrà gbígbẹ kan nínú ikùn Bẹ́tì á jẹ́ kí wọ́n pè é ní “b”. Bí ọmọ bá yọ ọ́ jẹ, ó ti di “v” nìyẹn. A kò tíì rí ọ̀nà tó yá jù èyí láti kọ́ ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀pà àti irú rẹ̀ kò yẹ nínú kíláàsì nítorí àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́, oyin kò sì yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ẹ bá ń fi bísíkíìtì ránṣẹ́ sílé tí àbúrò wà.

Ọ̀rọ̀ òfin Júù díẹ̀ wà. Bọ́tà tí kò ní wàrà la yàn kí bísíkíìtì náà lè ṣeé jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ẹlẹ́ran, nítorí òfin náà kò gba ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Bí ẹ bá po ìyẹ̀fun yìí lọ́nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, fúláwà ti tó kílò 1.4, ó sì ti yẹ láti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ḥálà, ìpín ìyẹ̀fun tí òfin ní a kì í jẹ, láì súre. Bó bá di ọ̀nà márùn-ún, kílò 1.75, ọ̀pọ̀ ilé á súre sí i. Ìwọ̀n náà máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, rábì yín ló mọ tiyín. Ohun ìgé onírin tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Júù, ẹ bèèrè bóyá kí ẹ rì í sínú míkífà, omi ìwẹ̀mọ́ àwọn Júù. Ọ̀pọ̀ rábì kò béèrè bẹ́ẹ̀ fún ike. Fún Sábáàtì, ẹ má fi ṣúgà olómi kọ lẹ́tà sórí àkàrà, nítorí bíbu irú àkàrà bẹ́ẹ̀ jẹ lọ́jọ́ yẹn dà bí pípa ìwé rẹ́. Bísíkíìtì tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà rọrùn ju ìyẹn lọ lójú ọ̀pọ̀ wọn. Kí olùkọ́ sì lajú sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń to lẹ́tà: Yódì, Héè, Fáfù, Héè kò gbọdọ̀ tò tẹ̀ léra wọn, orúkọ Ọlọ́run nìyẹn, a kì í jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń fi lẹ́tà ka iye, nítorí lẹ́tà Hébérù tún jẹ́ nọ́ńbà, 15 jẹ́ Tẹ́tì àti Fáfù (9 àti 6) dípò Yódì àti Héè, 16 jẹ́ Tẹ́tì àti Sáyìn (9 àti 7) dípò Yódì àti Fáfù, nítorí ìdí kan náà.

Fún ọmọ 12, àpótí kan kò tó. Lámẹ́dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìlà á gùn, ìjà á dé. Ẹ ra méjì, tàbí kí olùkọ́ gé àwọn lẹ́tà tó wọ́pọ̀ nínú orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ po ìyẹ̀fun ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìṣẹ́jú 40 á tó báyìí: mẹ́wàá fún ọmọ láti kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kó sì ka iye lẹ́tà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún gígé, ìyókù fún ààrò àti fún kíkà sókè láti ọ̀tún sí òsì. Fírísà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní bọ́ sínú àkókò yìí. Ẹ jẹ́ kí tíréè fúnra rẹ̀ ti tutù nínú fírísà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ló bá a mu. Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á ní ti ọmọdé ni, àfi tí ẹ bá kó lẹ́tà márùn-ún fún wọn pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin jáde nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn bá burú, ẹ má yí ìyẹ̀fun padà sí ìròyìn. Ẹ má ní kí wọ́n gé orúkọ òkú, tàbí kí wọ́n to ọ̀rọ̀ ńlá nípa ìgboyà. Àwọn àgbà ni irú ìyẹn ń tù nínú. Orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ tó. Àmọ́ bí ọmọ bá bèèrè ìdí tí ọlọ́pàá fi wà níta, ẹ dá a lóhùn ní ṣókí, ní òótọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìyẹ̀fun. Ó rọrùn fún ọmọ láti bèèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀.

Oṣù Ádárì (nǹkan bíi February sí March) ni àkókò rẹ̀ gan-an, nítorí Tálímọ́ọ̀dù ní bí Ádárì bá wọlé, a fi kún ayọ̀; bí oṣù Áfù, oṣù ọ̀fọ̀ àwọn Júù, bá wọlé, a dín in kù, kí ẹ kó àpótí náà pamọ́. Rọṣ Haṣánà, ọdún tuntun àwọn Júù, náà dára, oyin ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Nígbà Ìrékọjá, kò sí fúláwà, ohun ìgé tó ti bá ìyẹ̀fun pàdé kò sì gbọdọ̀ jáde. Ibẹ̀ ni oníke olówó pọ́ọ́kú ti wúlò: ẹ ra tuntun, ẹ kọ Ìrékọjá sí ìdérí rẹ̀, ẹ gé bàrà olómi ní pẹlẹbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí àwọn ọmọ máa gé lẹ́tà jáde nínú rẹ̀. Héè rẹ̀ ṣì máa jẹ́ Hẹ́tì, ṣùgbọ́n bàrà kì í wú, ọ̀bẹ kan péré á sì ya ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.